Ewu Ọmọ: Ọ̀rọ̀ lórí Ìsun Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Ìbímọ



Nígbà tí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni à ń kí i. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fi ìkíni yìí lélẹ̀ kò ka ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí tó láti mọ̀ pé ẹni tí ó kúnlẹ̀ tí ó sì dìde ti ojú ewu bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni pé ìkíni náà a máa yá jù nígbà púpọ̀. A ó ti máa kí ìyá kú ewu nígbà tí ewu náà kò tíì kọjá lọ. Nígbà tí ọmọ bá ti ké, tí gbogbo ilé ti hó yè, nígbà náà gan-an, láàrin wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ni ìsun ẹ̀jẹ̀ tí ń pa ìyá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn méjì nínú Ìwé Mímọ́. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 35, Rákẹ́lì ń rọbí ní ojú ọ̀nà Éfúrátà, agbẹ̀bí rẹ̀ sì fi ìròyìn ọmọkùnrin tù ú nínú bí ẹ̀mí rẹ̀ ti ń lọ. Nínú Sámúẹ́lì kìíní, orí 4, àwọn obìnrin tí ó dúró ti aya Fíníhásì ṣe bákan náà, obìnrin náà kò sì dá wọn lóhùn. Bíbélì kò sọ irú ohun tí ó pa àwọn ìyá méjèèjì yìí, èmi kò sì ní fi tèmi kún un. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni ibi tí ojú àwọn tí ó wà nítòsí wà. Ara ọmọ ni ojú wọn wà. Títí di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ilé wa: ẹni kan ń nu ọmọ, ẹni kan ń wo bí ó ti jọ bàbá rẹ̀, ẹni kan ti gbé fóònù láti pe àwọn ará ilé, ìyá nìkan ni kò sí ẹni tí ó ń wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dọọdún, bíi 14 mílíọ̀nù obìnrin ni ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ń bá jà, àti pé bíi 70,000 nínú wọn ni ó ń bá a lọ. Ní ti ilẹ̀ wa, ìṣirò tí a gbé jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé ní ọdún 2023 nǹkan bí 75,000 obìnrin ni ó kú ní Nàìjíríà nínú oyún, nínú ìrọbí, tàbí láàrin ọjọ́ 42 lẹ́yìn rẹ̀. Iye yìí ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ayé lọ. Kì í ṣe ìsun ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn olórí apànìyàn náà. Èmi tí mo dúró níwájú yín ti ka ìsìn ìsìnkú lórí pósí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ní orúkọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni àlùfáà tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni n ó pín ọ̀rọ̀ mi sí: ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ sun, bí àwọn agbẹ̀bí ti ń mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n ń ṣe sí i, àti ohun tí ó kàn wá nínú Ìjọ.

1. Ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ sun

Ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ ara ilé-ọmọ, láti ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gba oúnjẹ àti èémí lára ìyá rẹ̀. Nígbà tí oyún bá gbó, ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ilé-ọmọ kọjá láàrin ìṣẹ́jú kan ṣoṣo a máa tó ìlàjì lítà. Nígbà tí ibi bá ya kúrò, ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó so ó mọ́ ilé-ọmọ a ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí ni ó wá ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró tí obìnrin kò fi kú ní gbogbo ìgbà tí ó bá bímọ? Ẹlẹ́dàá ti ṣe é tí àwọn ẹran ara ilé-ọmọ fi hun mọ́ ara wọn bí agbọ̀n, tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Bí ilé-ọmọ bá ti sún kì, tí ó le gírígírí bí àgbọn, yóò fún àwọn iṣan náà pa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi okùn fún ẹnu àpò.

Bí kò bá sún kì, tí ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ẹnu àpò wà ní ṣíṣí nìyẹn. Èyí ni ìdí kìíní tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sun, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù lọ. Ìdí kejì ni pé ara lè ya nígbà tí ọmọ ń bọ̀. Ìdí kẹta ni pé ibi, tàbí ègé kan lára rẹ̀, lè kù sínú, kí ó má sì jẹ́ kí ilé-ọmọ sún kì dáadáa. Ìdí kẹrin ni pé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ lè kọ̀ láti dì.

A mọ àwọn kan tí ewu yìí súnmọ́ ju àwọn ẹlòmíràn lọ: ẹni tí ó lóyún ìbejì, ẹni tí ó ti bímọ púpọ̀, ẹni tí ìrọbí rẹ̀ pẹ́ jù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti sun lára rẹ̀ rí, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kí ó tó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti inú ìwọ̀nyí sọ pé òun kò sí nínú ewu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìsun ẹ̀jẹ̀ ń bá ni kò ní àmì kankan ṣáájú. Nítorí náà gbogbo ìyá tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́.

2. Bí àwọn agbẹ̀bí ti ń mọ̀ ọ́n

Ó lè dàbí ẹni pé kò sí ohun tí ó rọrùn ju kí a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń sun. Ta ni kò mọ ẹ̀jẹ̀ bí ó bá rí i? Ṣùgbọ́n gbogbo ìbímọ ni ẹ̀jẹ̀ ń bá wá. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, èwo ni ó tó, èwo ni ó ti pọ̀ jù? Níbí ni ojú ti ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀jẹ̀ a máa dà pọ̀ mọ́ omi tí ó bá ọmọ jáde. A wọ inú aṣọ lọ. Òmíràn a ṣàn sí ilẹ̀, a sì nù ún kúrò. Àwọn oníṣègùn ti wádìí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé ẹni tí ó bá fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀ a máa pè é ní ohun tí ó kéré sí iye rẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́. Èyí tí ó sì burú jù ni ẹ̀jẹ̀ tí kò tú jáde ṣùgbọ́n tí ń ṣẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró. Kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù títí ìyá yóò fi dákẹ́.

Ara obìnrin pẹ̀lú a máa fi ewu náà pamọ́. Nínú oyún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ sí i, nítorí náà ọ̀dọ́bìnrin tí ara rẹ̀ le yóò máa sọ̀rọ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín, nígbà tí ohun tí ó pọ̀ ti jáde lára rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa lù kíkankíkan. Bí agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti wá já wálẹ̀, tí òógùn tútù bò ó, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ojú ń ṣú u, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí ẹ̀yìn kí a tó mọ̀.

Nítorí èyí ni àwọn agbẹ̀bí òde òní fi fi ojú sílẹ̀ tí wọ́n mú òṣùwọ̀n. Wọ́n a tẹ́ ọ̀rá kan sí abẹ́ ìyá ní kété tí ó bá bímọ. Ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà dàbí àpò, a sì fa ìlà sí i lára bí ti ife ìwọ̀n. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó bá jáde ni yóò ṣàn sínú rẹ̀. Ìlà kan wà ní 300 mílílítà, òmíràn wà ní 500. Kí ó lè yé wa, omi inú ọ̀rá tí àwọn ọmọ ń kiri ní ìdíkọ̀ sábà máa ń jẹ́ 500 mílílítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé ibẹ̀, ìsun ẹ̀jẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Àṣẹ ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 tún lọ síwájú sí i: bí ẹ̀jẹ̀ bá dé 300, tí ìlù ọkàn ti yára jù tàbí tí agbára ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, kí agbẹ̀bí má ṣe dúró de 500 kí ó tó dìde.

Láàrin wákàtí kìíní, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agbẹ̀bí yóò wo inú ọ̀rá náà, yóò sì fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn ìyá láti mọ̀ bóyá ilé-ọmọ le tàbí ó rọ̀. Yóò ka ìlù ọkàn rẹ̀, yóò sì wọn agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa á tì nítorí pé ìyá ń rẹ́rìn-ín ti ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

3. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i

Ìdènà ni ó ṣáájú ìwòsàn. Gbogbo obìnrin tí ó bá bímọ ni ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ oxytocin, ìwọ̀n 10, láàrin ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, kí ilé-ọmọ lè sún kì. Oògùn yìí ní àléébù kan tí ó kan ilẹ̀ wa gidigidi: ooru a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́, inú òtútù láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 ni a gbọ́dọ̀ pa á mọ́ sí. Fíríìjì tí kì í sábà rí iná mànàmáná lè dín agbára abẹ́rẹ́ tòótọ́ kù. Oògùn mìíràn wà tí ó jọ ọ́ tí ooru kò tètè bà jẹ́, carbetocin ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dán an wò lára obìnrin 29,645 ní orílẹ̀-èdè 10, a sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018 pé kò rẹ̀yìn sí oxytocin nínú ìdènà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá sun síbẹ̀ ń kọ́? Ní ìgbà kan rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń lo ohun ìwòsàn. A ó ṣe èyí, a ó dúró wò ó. Bí kò bá gbọ́, a ó ṣe òmíràn. Bí a ti ń dúró ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Nísinsìnyí, gbogbo rẹ̀ ni a ń dì pọ̀ tí a sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, láàrin ìṣẹ́jú 15. Ọwọ́ ni a ó kọ́kọ́ fi pa ilé-ọmọ láti orí ikùn títí yóò fi sún kì. A ó fún ìyá ní oxytocin sí i, tàbí misoprostol níbi tí kò bá sí èkíní. A ó fún un ní tranexamic acid, èyí tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. A ó fa omi sí i lára. A ó sì yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ìtọ̀ kún inú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ilé-ọmọ sún kì ni? Ṣé ibi jáde pé? Ṣé ibì kan ya? Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, a gbọ́dọ̀ ké sí ẹni tí ó jù wá lọ láìfi àkókò ṣòfò. Àwọn ará wa wí pé, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀nà yìí.

Ìtàn tranexamic acid yẹ ní gbígbọ́. Obìnrin oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Japan, Utako Okamoto, àti ọkọ rẹ̀ Shosuke, ni wọ́n ṣe àwárí rẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1962. Ìyá náà fẹ́ kí a lò ó fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń sun lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ó wà nídìí ìgbẹ̀bí nígbà náà kò fẹ́ dán an wò. Ó ju 50 ọdún lọ kí a tó dán an wò dáadáa, lára obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017: bí a bá fún ìyá láàrin wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, ó ń dín ikú nípa ìsun ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Utako Okamoto ti kú ní ọdún 2016, kò fi ojú rí i.

Ṣé ọ̀nà àdìpọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn irú tiwa? Ó ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn 80 ni a ti dán an wò, ní Kẹ́ńyà, ní Nàìjíríà, ní Tanzania àti ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì kan obìnrin tí ó ju 210,000 lọ. A tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Níbi tí wọ́n ń fi ojú díwọ̀n bí ti àtijọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá sun lára ìyá 100, àwọn 51 péré ni àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀; níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá òṣùwọ̀n, wọ́n mọ 93. Nínú ìyá 1,000 tí ó bímọ ní ọ̀nà àtijọ́, 43 ni ìsun ẹ̀jẹ̀ líle bá, tàbí tí a là nínú nítorí rẹ̀, tàbí tí ó pa. Ní ọ̀nà titun, 16 ni. Ẹ kíyè sí i pé kò sí oògùn titun kankan nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni àwọn agbẹ̀bí ti ní tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n mọ̀ ní kùtùkùtù, wọ́n sì ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Fún ìwọ̀nba àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dá síbẹ̀, àwọn ohun mìíràn wà: agbẹ̀bí lè fi ọwọ́ méjèèjì há ilé-ọmọ mọ́ àárín, a lè fi bàlúùnù tí a rọ omi sí há a láti inú, aṣọ kan wà tí a ń fi di ẹsẹ̀ àti ikùn pinpin, tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn àti orí nígbà tí a bá ń gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, èyí tí a ti dán wò ní Íjíbítì àti ní Nàìjíríà níhìn-ín. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ abẹ, àti ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí a ó fà sí i lára.

4. Ohun tí ó kàn wá nínú Ìjọ

Ẹ̀yin ará mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí nìkan ni èyí. Ọ̀rá òṣùwọ̀n kò lè gba obìnrin tí kò dé ibi tí ọ̀rá wà. Ní ọdún 2018, ìwádìí ìjọba fi hàn pé nínú ìbímọ 100 ní Nàìjíríà, 39 péré ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwọn tí ó kù wà lọ́dọ̀ wa, nínú ilé wa, àti nínú ilé tí a ń pè ní ilé àdúrà.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. A máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà obìnrin ń wí pé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni, ẹ jẹ́ kí ó jáde tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ẹ̀mí ìyá ró ni, kò sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀. Bí aṣọ tí ó dì bá rin gbindin láàrin wákàtí kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá ń jáde, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí ó bímọ ni, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì. A sì tún máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó wà nínú ìnira pé kí ó jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe. Ilé-ọmọ tí ó rọ̀ kò gbọ́ ìjẹ́wọ́. Ìwà ìkà ni láti máa ṣe ẹjọ́ lórí ẹni tí ń kú lọ.

Èkejì, àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àìnígbàgbọ́ ni láti sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ lọ ka orí kìíní ìwé Ẹ́kísódù. Orúkọ Fáráò tí ó jẹ ọba nígbà náà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, wà níbẹ̀. Ọlọ́run tí ó ka iṣẹ́ wọn sí tó bẹ́ẹ̀ kò kórìíra iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ẹ máa gbàdúrà, ẹ má ṣe dákẹ́. Ṣùgbọ́n àdúrà tí a gbà nínú ọkọ̀ tí ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn kò kéré lójú Ọlọ́run ju èyí tí a gbà lórí ẹní lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ìyá kò yẹ kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀ kí àwọn ará ilé máa wá ọ̀nà láti bá ọkọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e. Ẹ fi àṣẹ sílẹ̀ láti ìgbà tí oyún bá ti di oṣù keje. Ẹ fi owó sílẹ̀. Ẹ mọ orúkọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbé e bí ó bá di òru. Ẹ rí i pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ibi ìtọ́jú aboyún, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò ní èyí tí yóò fi ṣòfò.

Ẹ̀kẹrin, mo dá a lábàá fún gbogbo ìjọ tí ó wà níhìn-ín pé kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá kọ orúkọ gbogbo aboyún ìjọ sílẹ̀, kí wọ́n yan ìyá kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìyá náà sì mọ àwọn àmì tí mo ti kà yìí. Kí àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá ṣáṣá lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí a tó wá a kiri. Bí ìjọ bá ní owó láti ra agogo titun, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ibi ìgbẹ̀bí tí ó súnmọ́ ọn bóyá fíríìjì wọn ń ṣiṣẹ́.

Àti ní ìkẹyìn, ẹni tí ó bá wà níbi ìbímọ, bí ọmọ bá ti ké, kí ẹnì kan gbà á, kí ojú ẹlòmíràn má sì kúrò lára ìyá fún wákàtí méjì. Kí ó tètè fi ọmọ sí ọmú, nítorí ọmú tí ọmọ ń mu a máa ran ilé-ọmọ lọ́wọ́ láti sún kì. Ìkíni lè dúró. Fóònù lè dúró.

Ìjọ wa ní ìsìn ìdúpẹ́ kan nínú Ìwé Àdúrà fún obìnrin tí ó wá sí ilé Ọlọ́run lẹ́yìn ìbímọ. Láti ayébáyé ni Ìjọ ti mọ̀ pé ewu ńlá ni, tí ó sì ti ń dúpẹ́ fún ẹni tí ó bá là á kọjá. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣe ipa tiwa kí àwọn tí yóò wá fún ìsìn náà lè pọ̀ sí i, kí àwọn tí a ó kà ti ìsìnkú fún lè dín kù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a máa gbọ́ ohùn ọmọ, nínú gbogbo ilé wa, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.